Ohun Tó Ń Kó Kiri Nínú Àyà Habibah

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú Dókítà Fisáyọ̀mi Awódélé, kó kàn sọ fún un pé kó ṣe kíá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo àwòrán inú ara èèyàn ní ilé àwòrán aládàáni kan ní Lágere, níbi tí àwọn dókítà káàkiri Ilé-Ifẹ̀ máa ń darí aláìsàn wọn sí. Àwọn yòókù tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà a wo fọ́tò àyà kan fìrí, wọn a kọ ohun tí wọ́n rí, wọn a kọjá sí òmíràn. Fisáyọ̀mi ní tirẹ̀ a bọ́ bàtà, a fa àga mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, a sì jókòó ti fọ́tò náà bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Wọ́n ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Òun kò tilẹ̀ kọbi ara sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n mú Habibah wá. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì ní Ẹ̀dúnàbọ̀n. Bàṣírù, ọkọ rẹ̀, ń ṣe wẹ́dà ní Àbújá, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń gbé ní Ìpetumodù. Ìyá ọkọ náà, Alhaja Ràbíátù, ló ṣáájú wọlé, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ọmọ Habibah ni, Abdulmajeed, tí kò tíì pé ọdún kan. Habibah fúnra rẹ̀ fi aṣọ bo imú àti ẹnu, ó ti rù hangogo, ó lọ jókòó sí ìdí fèrèsé lọ́hùn-ún, ó jìnnà sí ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Fisáyọ̀mi ka ìwé tí wọ́n mú wá. Dókítà Adédàmọ́lá ló kọ ọ́, oníṣẹ́ abẹ tó kọ́ Fisáyọ̀mi alára nígbà tó wà ní iléèwé ìṣègùn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀. Láti ìgbà tí Habibah ti bímọ ló ti ń wúkọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú bí omi ìpẹtà. Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, wọ́n rí àbàwọ́n níbẹ̀, wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò rí kòkòrò rẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ó lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ láìjẹ́ kí ọjọ́ kan yẹ̀, ó lò ó tán, ikọ́ kò lọ. Ní báyìí wọ́n ti ń fura sí jẹjẹrẹ. Lọ́jọ́ Ẹtì, Adédàmọ́lá máa la àyà rẹ̀, á gé ibi tó bàjẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró kúrò. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ síkáànù fi ibi tí òun máa gé han òun.

"Ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti ń wúkọ́?" Fisáyọ̀mi bi Habibah.

"Ó ti pẹ́. Láti ìgbà tó ti bímọ yìí ni," Alhaja dáhùn.

"Ṣé ó máa ń dùn yín láyà?"

"Gan-an ni. Apá ibí yìí ni," Alhaja ní, ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀.

Fisáyọ̀mi wo ojú Habibah, Habibah wolẹ̀. Ká ní orúkọ rẹ̀ ni wọ́n béèrè, Alhaja ni ì bá dá wọn lóhùn. Ẹ má rò pé ìkà ni obìnrin náà o. Òun ló ń wọkọ̀ kiri pẹ̀lú ìyàwó ọmọ rẹ̀ láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, ó sì ti mọ ìtàn àìsàn náà ju ẹni tó ń ṣàìsàn lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n ti dárúkọ ikọ́ ẹ̀gbẹ fún un ló ti gba ọmọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún un pé bí oògùn bá ti wọ Habibah lára dáadáa, kò lè kó o ran ọmọ mọ́. Alhaja fi àáké kọ́rí. Ó ní ọmọ kan ṣoṣo tí Bàṣírù bí kò ní máa wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ lójú òun. Bí Habibah bá fẹ́ rí ọmọ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà yàrá ló ń dúró sí tí á máa wò ó.

Wọ́n ya síkáànù náà tán. Fisáyọ̀mi bọ́ bàtà.

Ohun tó kọ́kọ́ rí bá ohun tí wọ́n kọ mu. Lápá òsì lókè, nítòsí awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, àbàwọ́n kan wà tó ní ihò nínú. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, jẹjẹrẹ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti kọ ọ́ báyẹn, kó sì pe ẹni tó kàn. Fisáyọ̀mi ń yí àwòrán náà síwá-sẹ́yìn, ó ń wò ó ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí ẹni ń gé búrẹ́dì, ìgbà yẹn ló rí ọ̀nà tóóró kan. Ó ti ara awọ ẹ̀dọ̀fóró wọlé, ó ṣẹ́ kọ́nà díẹ̀, ó já sínú àbàwọ́n náà. Ó dà bí ihò tí kòkòrò gbẹ́ wọ inú iṣu. Nǹkan kan ló gba ibẹ̀ wọlé.

Ó jáde, ó béèrè bóyá fọ́tò àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Alhaja yọ ọ́ nínú báàgì, torí kò sí ohun tó jẹ mọ́ àìsàn náà tí Alhaja kì í gbé rìn. Fisáyọ̀mi gbé fọ́tò náà sójú iná, ó wò ó, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wo fọ́tò. Nínú ti àtijọ́, apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ni àbàwọ́n wà. Ní báyìí, apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán, àpá tín-ín-rín ló kù níbẹ̀. Ó ti kó lọ sí òsì lókè.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í kó ẹrù, ibi tó bá wọ̀ ló ń bà jẹ́. Jẹjẹrẹ náà, bó bá ràn lọ síbòmíràn, kì í jẹ́ kí ibi tó ti kọ́kọ́ wà sàn fúnra rẹ̀. Ohun tó bá ń kúrò níhìn-ín lọ sí ọ̀hún nínú àyà èèyàn, tó sì ń gbẹ́ ọ̀nà tó ń gbà, ohun ẹlẹ́mìí ni. Aràn ni. Ó ti rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí nígbà tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Cross River. Ọ̀gá kan níbẹ̀ sọ fún un pé inú akàn odò ni aràn náà máa ń gbé, ẹni tó bá jẹ akàn tí kò jinná ló ń kó o, ẹ̀dọ̀fóró ló sì máa ń fi ṣe ilé. Kò rò pé òun tún máa rí i láyé òun, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé ní Ifẹ̀.

Ó tún jáde lọ bá wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń jẹ akàn?"

Àfi bí ẹni pé ó bú wọn. "Akàn kẹ̀?" Alhaja ní. "Dókítà, èèwọ̀ ilé wa ni. Láti Ẹdẹ tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, ilé ọkọ mi kì í jẹ ẹ́, wọn kì í gbé e wọlé. Ìkòkò tí wọ́n bá fi sè é, fífọ́ ni wọ́n ń fọ́ ọ. Mo lọ sí Mẹ́kà, mo bọ̀, mi ò jẹ ẹ́. Habibah náà ò jẹ ẹ́."

Habibah ń fi ìka ká etí ìbòrí rẹ̀, ó ń ká a, ó ń tú u. Fisáyọ̀mi rí ìka náà, ó sì padà sínú yàrá rẹ̀.

Ó pe Adédàmọ́lá lórí fóònù. "Ẹ káàsán, sà. Nípa Habibah yẹn, mi ò rò pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, mi ò sì rò pé jẹjẹrẹ ni. Aràn ẹ̀dọ̀fóró ni mo rí, èyí tí wọ́n ń kó lára akàn."

"Akàn? Ìyá yẹn ti ka gbogbo ohun tí wọn kì í jẹ fún mi, àkàtúnkà. Akàn ló fi bẹ̀rẹ̀."

"Sà, nǹkan yìí ti kúrò lápá ọ̀tún, ó ti kó lọ sápá òsì. Ọ̀nà tó gbà wà níbẹ̀, mo ń wò ó báyìí."

"Fisáyọ̀mi, o mọ̀ pé mo gba ti ojú ẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ni, tí a wá ń wá aràn kiri, ṣé ìwọ lo máa lọ ṣàlàyé fún ọkọ ẹ̀? Mú ẹ̀rí wá kó tó di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Bí kò bá sí, mo máa ṣe iṣẹ́ mi."

Kò lè bínú sí i, torí òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rù ba Fisáyọ̀mi, ẹ̀rù gidi. Bó bá ṣì í, ó lè jẹ́ òun ló máa fi ìdádúró pa ìyá ọlọ́mọ. Bó bá sì dákẹ́, wọ́n á gé ẹ̀dọ̀fóró tí oògùn lásán lè wò sàn dànù. Ó nílò kí Habibah fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó lè mọ̀ pé ojú òun kò tan òun jẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Bó bá ní kí Alhaja bọ́ síta, ọ̀ràn ti dé nìyẹn: kí ni ìyàwó ilé fẹ́ sọ tí ìyá ọkọ kò gbọdọ̀ gbọ́? Fisáyọ̀mi ronú títí, ló bá rántí pé yàrá kan wà nílé náà tí ẹnikẹ́ni kì í bá aláìsàn wọ̀.

"Alhaja, ẹ má bínú, a fẹ́ tún fọ́tò kan yà," ó ní. "Ẹ má sún mọ́ ilẹ̀kùn yẹn o, nítorí ọmọ. Ìtànṣán ẹ̀rọ yẹn ò dáa fún un."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí Alhaja ti dé ẹnu géètì.

Habibah wọlé, ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn ẹ̀rọ, ó gbé apá sókè bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Fisáyọ̀mi ti ilẹ̀kùn, ó fa àga, ó jókòó tì í.

"Dìde jókòó. Mi ò tan nǹkan kan," ó ní. "Ilẹ̀kùn yìí nípọn, ọ̀rọ̀ kì í gbabẹ̀ jáde. Ṣé o jẹ akàn?"

Habibah bú sẹ́kún. Ó sunkún títí ikọ́ fi gbà á, Fisáyọ̀mi sì di ejìká rẹ̀ mú títí ikọ́ náà fi rọlẹ̀.

"Ẹ má sọ fún wọn, Àǹtí," ó ní. "Oyún ọmọ wọn ló wà nínú mi nígbà yẹn. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo gbé oyún ilé wọn, mo tún jẹ èèwọ̀ wọn, wọn ò ní gbé ọmọ yẹn fún mi mọ́ láéláé."

"Mi ò ní sọ. Ọ̀rọ̀ ẹ ni, kì í ṣe tèmi."

"Kí n tó lọ́kọ, mo máa ń jẹ ẹ́ nílé wa. Nígbà tí mo wá lóyún, kò sí ohun tó ń wù mí lẹ́nu àfi òun. Àwọn tó ń pa á lódò máa ń gbé e kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò lè gbé e délé, òórùn ẹ̀ nìkan, Màámi á gbọ́ ọ. Mo ní áyọ́ọ̀nù eléèédú tí mo fi ń lọ aṣọ oníbàárà. Mo máa ń ṣí i, màá gbé akàn lé ẹ̀yinná inú ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo ti jẹ ẹ́."

"Ṣé ó máa ń jinná?"

Habibah ronú sí i bí ẹni tí wọn kò bi ní irú rẹ̀ rí. "Ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń gbóná. Inú ẹ̀ ṣì máa ń tutù, Àǹtí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ń gbúròó ẹsẹ̀, màá kàn jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Fisáyọ̀mi kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe, ẹ̀rín ni àbí ẹkún. Ká ní wọ́n ń jẹ akàn nílé yẹn ni, inú ìkòkò ni wọn ì bá ti sè é, omi á hó, akàn á pọ́n, aràn inú rẹ̀ á sì kú. Èèwọ̀ kò dí Habibah lọ́wọ́ kó má jẹ ẹ́, kìkì pé ó jẹ́ kó jẹ ẹ́ ní kánjúkánjú. Ó gbé ike kékeré kan lé e lọ́wọ́, ó ní kó wúkọ́ sínú rẹ̀.

Láàbù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwòrán ni Mùhámmẹ́d ti ń ṣe àyẹ̀wò. Fisáyọ̀mi gbé ike náà lọ bá a. Ó ní àwọn tó kọ́kọ́ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Habibah wò, kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n ń wá, ohun tí wọ́n sì ń fi kun ún kí kòkòrò náà lè hàn máa ń ba ẹyin aràn jẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wò ó bẹ́ẹ̀, láìkun ún ní nǹkan kan. Mùhámmẹ́d wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù títí ọrùn fi ń ro ó. Kò rí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, Habibah mú òmíràn wá, èyí tó wú láàárọ̀ kùtù. Kò sí nǹkan níbẹ̀ náà. Alhaja, tó ń bá a wọ kọ̀rọ̀pẹ̀ láti Ìpetumodù, béèrè bóyá wọ́n ti ń ta kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ní Ifẹ̀ ni. Mùhámmẹ́d sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí Dókítà ti ṣì í. Ẹlòmíràn ì bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, Fisáyọ̀mi náà ì bá sì fi í sílẹ̀ ká ní àwòrán nìkan ló dá lé. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ti áyọ́ọ̀nù. Ó ní, "Mùhámmẹ́d, wọ́n wà níbẹ̀. Jẹ́ ká tún wò ó lọ́la."

Ọjọ́bọ̀ ló kù kí iṣẹ́ abẹ tó kan. Habibah ti mú ike wá kí wọ́n tó ṣí láàbù. Fisáyọ̀mi wà ní yàrá rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò egungun ọmọdé kan, kò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀, torí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìgbà tó yá ni Mùhámmẹ́d yọ orí sílẹ̀kùn. Ó kàn fi ọwọ́ pè é.

Fisáyọ̀mi kò rántí bàtà. Ó sáré lọ, ó fi ojú mọ́ maikirosikóòpù. Ẹyin kan wà níbẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí oyin, ó ní ìdérí lórí bí ìkòkò kékeré. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tún fi ọwọ́ sún un díẹ̀, ó rí ẹ̀kẹta. Inú rẹ̀ dùn débi tí ojú rẹ̀ fi kún fún omi, kò sì rí nǹkan kan mọ́. Òun àti Mùhámmẹ́d bọ ara wọn lọ́wọ́ bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, ó sì jó láàárín láàbù lẹ́sẹ̀ lásán.

Ó ya ẹyin náà lórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí Adédàmọ́lá. Lójú ẹsẹ̀ ni ọkùnrin náà wọkọ̀ wá. Ó wọlé, ó kí wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí maikirosikóòpù, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún.

"Ọ̀la ni mo fẹ́ gé e," ó ní. "Ẹ̀dọ̀fóró tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Fisáyọ̀mi, o ṣeun."

Fisáyọ̀mi ti múra sílẹ̀ láti bá a jiyàn. Nígbà tí kò rí ẹni bá jiyàn, ó kàn ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ kékeré ni.

Oògùn tí wọ́n fún Habibah ni èyí tí wọ́n máa ń pín ní iléèwé fún àwọn ọmọ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀. Kò lò ó ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tó fi tán. Ohun tí wọ́n sọ fún Alhaja kò ju pé iṣẹ́ abẹ kò sí mọ́, oògùn tuntun ló kù. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kó lọ simi, kó padà wá ya fọ́tò tó bá tó oṣù méjì.

Nígbà tí wọ́n padà wá, Fisáyọ̀mi kò kọ́kọ́ dá Habibah mọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún, kò fi aṣọ bo ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Alhaja ni ọmọ ṣì wà. Alhaja ní òun fẹ́ fojú ara òun rí fọ́tò tuntun ná, oògùn ti já òun kulẹ̀ rí.

Wọ́n yà á. Fisáyọ̀mi pe àwọn méjèèjì wọ yàrá rẹ̀, ó sì tan àwòrán ti àtijọ́ àti ti òní sójú kọ̀ǹpútà. Kò pọn dandan kó ṣàlàyé púpọ̀. Ibi tí ihò wà tẹ́lẹ̀ ti dí, àyà náà dúdú níbi tó yẹ kó dúdú, àpá kékeré kan péré ló kù.

"Ó ti sàn, Mà," ó ní. "Ó ti sàn pátápátá. Kì í sì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Aràn ni. Kò lè fi ikọ́ kó o ran ọmọ, kò tilẹ̀ fìgbà kan lè kó o ràn án."

Alhaja sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó wò ó pẹ́. "Alhamdulillah," ó ní. Ó wá yíjú. "Ṣùgbọ́n Dókítà, níbo ni aràn ti ráyè wọ inú ìyàwó mi? Ilé mi mọ́, omi wa mọ́."

"Aràn odò ni, Mà," Fisáyọ̀mi ní. Ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà sí ibẹ̀. Ó ti ṣèlérí.

"Akàn ni, Màámi."

Habibah ló sọ̀rọ̀. Ó dúró ṣinṣin. "Mo jẹ akàn nígbà tí mo wà nínú oyún Abdulmajeed. Inú áyọ́ọ̀nù ni mo ti ń sun ún ní ṣọ́ọ̀bù. Kò jinná. Mò ń sá fún yín ni."

Alhaja wá àga, ó jókòó, ọmọ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"O sì ń gbé oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ mì lójú mi lójoojúmọ́," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "O fẹ́ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ la àyà ẹ, kí o má baà sọ fún mi pé o jẹ akàn."

"Ẹ̀rù yín ló bà mí, Màámi. Mo ní ẹ ò ní fún mi lọ́mọ mi mọ́."

"Ṣé bí mo ṣe burú tó nìyẹn?"

Habibah ń wo ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá ọkọ rẹ̀. Alhaja kò bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi etí ìborùn nu ojú, ó sì wo àwòrán àyà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo èèyàn inú yàrá náà ló mọ̀ pé obìnrin náà ti rí èsì ìbéèrè rẹ̀, ó sì dùn ún wọ egungun.

"Àwọn tó ni èèwọ̀ yẹn ti kú tipẹ́," ó ní nígbà tó yá. "Èmi ni mò ń bá wọn ṣọ́ ọ. Wọn ò ní kí n ṣọ́ ọ débi tí ọmọ wọn ò fi ní níyàá." Ó dìde. "Súnmọ́ ibí. Yí ẹ̀yìn padà, kí o bẹ̀rẹ̀."

Ó tú ọ̀já. Ó gbé Abdulmajeed sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í, ó fà á le, ó tún un fà. Ọmọ náà figbe ta, torí kò mọ ẹ̀yìn yẹn. Alhaja kọjú sí ògiri kíákíá kí ọmọ má baà rí ojú òun. Habibah bẹ̀rẹ̀ sí rìn, ó ń gbá a nídìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń kọrin orúkọ rẹ̀ sí i létí láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí kọ̀ǹpútà, ó ń lọ ó ń bọ̀, orin náà kò sì dá, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Igbe ọmọ ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àárín ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó dákẹ́. Inú Fisáyọ̀mi dùn dé ibi tí kò mọ̀ pé inú máa ń dùn dé.

Bí wọ́n ṣe jáde sí títì Lágere nìyẹn, Alhaja ló gbé báàgì ṣáájú, Habibah ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.